Kà Á Tán Kí O Tó Ṣí Báírò

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin sí ìkẹfà ní ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ọ̀rọ̀ sísọ, gbogbo rẹ̀ láàárín Ìsọlọ̀ sí Òṣòdì. Ó di ọdún méjì báyìí tí mo ti fẹ̀yìntì. Èmi ni mò ń sọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n Mopélọ́lá, àbígbẹ̀yìn mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrú ìlú, ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, àmọ́ bí ẹ bá sọ fún un pé òjò rọ̀ lánàá, á béèrè àdúgbò tó ti rọ̀ àti bó ṣe pẹ́ tó. Bí ẹ bá rí i pé àbùmọ́ kò pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ mi, òun ni kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ ní kó kọ ọ́ pé gbogbo ọmọ tí mo kọ́ ló mọ̀wé kà.

"Gbogbo wọn, Màmá?"

"Ọ̀pọ̀ wọn."

"Ṣé wọ́n ju ìdajì lọ?"

"Wọ́n jù ú lọ. Ṣáà kọ 'ọ̀pọ̀', jọ̀ọ́."

Ọ̀pọ̀ ló kọ.

Ìtàn bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gùn. Mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni, mo kọ lẹ́tà, wọ́n pè mí. Ní ti owó oṣù, a jẹun, àwọn ọmọ mi sì kàwé. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó bi tíṣà mìíràn.

Ibi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ gan-an kì í ṣe kọ́lẹ́ẹ̀jì. Abẹ́ Ìyáàfin Adéṣọlá ni. Nígbà náà, bí tíṣà tuntun bá dé ilé-ìwé wa, ọ̀gá ilé-ìwé á fi í sábẹ́ àgbà kan fún odindi ọdún kan. Ìyáàfin Adéṣọlá kúrú, ó dúdú, kì í pariwo. Ojú rẹ̀ nìkan tó láti mú kí ọmọ tó ń jẹ gúgúrú lábẹ́ tábìlì gbé e mì láìrún un.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kọ àkàyé kan sí pátákó. Mo kọ ọ́ dáadáa, mo ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ó dìde, ó nù ún kúrò.

"Ta lo kọ ọ́ fún?" ó bi mí.

"Àwọn ọmọ, mà."

"Èwo nínú wọn? Lọ jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé."

Mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ. Orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi, àwọn ọmọ ń fọwọ́ bo ẹnu. Ó kọ ìlà kan ní lẹ́tà tó tó ti tèmi. Oòrùn tó ń wọlé láti ojú fèrèsé ti bo ìdajì pátákó, mi ò rí nǹkan kan. Ó ní, "O ti rí i? Ọmọ tó ń jókòó níbẹ̀ yẹn, gbogbo ènìyàn ló ń pè é ní olódo." Láti ọjọ́ náà títí mo fi fẹ̀yìntì, mi ò wọ kíláàsì tuntun kí n má kọ́kọ́ jókòó sí gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bí ọmọ bá ń kàwé sókè, tó sì ṣìnà, Ìyáàfin Adéṣọlá kì í jẹ́ kí n já lù ú. Ó ní, "Ọmọ tó ń kàwé dà bí ẹni tó ru korobá omi. Má pè é lójú ọ̀nà. Jẹ́ kó sọ̀ ọ́ ná."

Ní ti ọ̀rọ̀ sísọ, ojú títì ló fi ń kọ́ wọn. Ẹ̀bá ọ̀nà tí àwọn tírélà ń gbà lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá Ìsọlọ̀ ni ilé-ìwé wa wà. Bí tírélà bá ń kọjá, fèrèsé á máa gbọ̀n, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ẹnìkejì. Àwọn tíṣà mìíràn máa ń ní kí ọmọ pariwo ju tírélà lọ. Ìyáàfin Adéṣọlá ní kó dákẹ́, kó dúró ṣinṣin, kí tírélà lọ tán, kó wá máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ láti ibi tó ti dá a dúró. Ó ní ọmọ tó bá rántí ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ti mọ ohun tó fẹ́ sọ. Èyí tí kò bá rántí, ẹnu lásán ló ń là.

Ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ tó le jù ni ti báírò. Bí àwọn ọmọ bá kọ àròkọ, á kó gbogbo nóòtù wọn jọ síwájú rẹ̀, á sì máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú báírò pupa tí ìdérí rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Á rẹ́rìn-ín, á mí kanlẹ̀, nígbà mìíràn á sọ pé "Háà, ọmọ yìí!" Lẹ́yìn tó bá ka gbogbo rẹ̀ tán ló tó ń ṣí báírò, tí á padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé èyí ń fi àkókò ṣòfò. Ó fi rúlà gbá mi lẹ́yìn ọwọ́, èmi tí mo ti wà nílé ọkọ.

"Kà á tán kí o tó ṣí báírò," ó ní. "Ẹni tó ti ṣí báírò ti di ọlọ́pàá. Àṣìṣe nìkan ló máa rí."

Mo pa òfin náà mọ́ nígbà tó ń wò mí. Nígbà tó fẹ̀yìntì, mo ṣì pa á mọ́ fún ọdún bíi mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ pọ̀ sí i. Ọdún kan wà tí mo ní ọmọ méjìlélọ́gọ́rin nínú kíláàsì kan, tí àwọn kan ń jókòó sórí ilẹ̀. Mo ṣí báírò. Mo rí i pé ó yá. Ojú mi ti mọ ibi tí lẹ́tà ńlá yẹ kó wà, ó ti mọ ibi tí àmì ohùn yẹ kó wà, ọwọ́ mi á sì máa tẹ̀ lé ojú mi. Mo lè máàkì àròkọ kan láàárín ìṣẹ́jú kan kí n má mọ̀ bóyá ìyá ọmọ náà kú ni tàbí ó ra mọ́tò.

Wọ́n sì yìn mí. Bí àwọn aláyẹ̀wò bá dé láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, nóòtù kíláàsì mi ni ọ̀gá ilé-ìwé ń kó sílẹ̀ fún wọn. "Ẹ wo bó ṣe pọ́n," á ní. "Obìnrin yìí ń ṣiṣẹ́."

Ọdún tí mo bí Mopélọ́lá ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ó ń ṣe àìsàn díẹ̀díẹ̀, mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ sùn.

"Ṣé èmi lẹ wá fẹ́ dá lẹ́bi báyìí?" ó bi mí nígbà tí mo dé ibẹ̀ yìí.

"Rárá o. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí mo ti ń ṣe é kí n tó bí ẹ."

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì karùn-ún tó ń jẹ́ Síkírátù. Ohùn rẹ̀ kéré, àmọ́ tírélà kankan kò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Á dákẹ́, á dúró, á sì bá a lọ láti ibi tó bá a dé. Òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló ń gbé ní Òkè-Afà. Ṣakí ni wọ́n ti wá. Ní ìparí sáà kejì, mo ní kí àwọn ọmọ kọ àròkọ lórí "Ilé Wa". Mo máàkì rẹ̀, mo dá a padà fún wọn láti mú lọ sílé, wọ́n sì kó nóòtù padà wá fún mi kí a tó gba ìsinmi, nítorí inú kọ́bọ́ọ̀dù mi ni wọ́n ń sùn sí nígbà ìsinmi.

Nígbà tí a wọlé, mo ń pe rẹ́jísítà. Mo pe Síkírátù. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

"Àǹtí, ó ti lọ sí Ṣakí," ọmọ tó ń jókòó tì í sọ. "Kò ní padà mọ́. Ó ní òun ti sọ fún yín."

Mo ní kò sọ nǹkan kan fún mi. Ọmọ náà wolẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ jẹun lọ́sàn-án, mo lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo wá nóòtù rẹ̀. Àròkọ náà nìyí, mi ò yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀ ju àwọn àṣìṣe tí mo ti fi pupa tún ṣe:

"Ilé wa ní yàrá kan. Ewúrẹ́ alágbàlá wa máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn bí onílé, ẹni tó bá fẹ́ kọjá á kí i. Ìyá mi ti rí iṣẹ́ sí kọ́ḿpínì. Ó ti ń di ẹrù mi. Ó fẹ́ mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ṣakí, torí kò sẹ́ni tí yóò máa wò mí. Mi ò fẹ́ lọ. Ìyá mi ní ohun tí tíṣà bá sọ ni òun á ṣe. Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀."

Lábẹ́ rẹ̀, ní ọwọ́ ara mi: "Mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Ṣọ́ra fún àmì ohùn."

Mo jókòó síbẹ̀ títí aago fi lù tí àwọn ọmọ padà wọlé.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo pọn Mopélọ́lá, mo lọ sí Òkè-Afà. Ewúrẹ́ náà wà lórí àtẹ̀gùn lóòótọ́. Ìyá Síkírátù ń fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọpọ́n. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àga fún mi, àmọ́ ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàbọ̀, tíṣà. Ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ wá, ẹ ò wá."

"Mi ò mọ̀ pé ẹ fẹ́ mú un lọ ni."

"Ẹ ò mọ̀?" Ó fi aṣọ sílẹ̀ sínú omi. "Ọmọ yẹn ní òun kọ ọ́ fún yín. Mo ní kó mú ìwé náà wá. Èmi ò mọ̀wé, tíṣà, àmọ́ mo mọ pupa. Mo rí ọwọ́ yín níbẹ̀. Mo ní, 'Tíṣà ti kà á?' Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, 'Kí wá ni tíṣà wí?' Kò fọhùn. Mo wá ní, ó dáa, bí tíṣà bá ti kà á tó sì fọwọ́ sí i, a jẹ́ pé ó fara mọ́ ọn nìyẹn. Ká ní ẹ wí nǹkan kan ni, mi ò bá dúró."

Gbogbo àwáwí tí mo ti tò sílẹ̀ lójú ọ̀nà wà lẹ́nu mi: àwọn ọmọ pọ̀, ara mi kò yá, ọmọ ọwọ́. Bí mo ṣe la ẹnu, ohun mìíràn ló jáde.

"Mi ò kà á."

"Ẹ ò kà á kẹ̀? Ta ló wá kọ pupa síbẹ̀?"

"Èmi ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tó máa ń dunni ju èébú lọ.

"Háà! Tíṣà tí kì í kàwé! A jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni wá, èmi pẹ̀lú yín."

Mo ti gbọ́ èébú lẹ́nu òbí ṣáájú ìgbà náà, mo sì tún gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kankan kò dà bí èyí, nítorí kò sí irọ́ nínú rẹ̀.

Mo bi í pé ṣé kò sí ọ̀nà tí ọmọ náà fi lè padà. Ó ní aago méje àárọ̀ ni òun ń wọlé síṣẹ́, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni òun ń jáde, aago méjì sì ni ilé-ìwé wa ń tú. Ta ni yóò máa wo ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá fún wákàtí mẹ́rin ní àdúgbò yìí?

"Èmi ni," mo dáhùn. "Á dúró tì mí ní kíláàsì, n óò máa mú un wá pàdé yín ní géètì iṣẹ́ yín."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ lẹ́yìn?"

"Ọ̀kan á wà lẹ́yìn, ọ̀kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́."

Ó padà sídìí ọpọ́n. "Èmi kọ́ ló kọ̀wé sí yín. Òun ni. Ẹ dá a lóhùn ná. Bó bá ní òun ṣì fẹ́ padà, n óò lọ mú un wá."

Lẹ́tà yẹn le ju gbogbo ìdánwò tí mo ti ṣe lọ. Mo kọ ọ́, mo ya á, bóyá ẹ̀ẹ̀mẹrin. Báírò búlúù ni mo wá fi kọ èyí tó lọ. Mo ní: "Síkírátù, ọ̀sẹ̀ yìí ni mo ka ohun tí o kọ sí mi. Tẹ́lẹ̀, mo kàn fi pupa sí i lásán ni. Dárí jì mí. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi ewúrẹ́. Nígbà tí mo dé ibi ẹrù rẹ, ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu mi. Mo ti rí ìyá rẹ. Ṣé o ṣì fẹ́ padà?" Mo mú un lọ fún awakọ̀ kan tó ń ná Ṣakí ní gáràjì Òṣòdì, pẹ̀lú orúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ àti àwòrán bí wọ́n ṣe ń dé ilé rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ọ̀sẹ̀ kejì kọjá. Mo ń pe orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà lójoojúmọ́, àwọn ọmọ á sì máa wo ara wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìyá rẹ̀ gbàyè níbi iṣẹ́, ó yà ní ilé-ìwé, ó mú bébà kan tí wọ́n ká pọ̀ wá.

"Ẹ kà á sókè," ó ní. "Gbogbo rẹ̀ o. Ẹ má fi pupa kankan sí i."

Mo kà á: "Àǹtí, ẹ ṣé tí ẹ kà á. Mo fẹ́ padà. Ewúrẹ́ ńkọ́?"

Ìyá rẹ̀ fi gèlè nu ojú. "Ẹ kọ ọ́ sí i pé ó ti bí méjì."

Nígbà tí sáà kẹta dé ìdajì ni Síkírátù padà. Ọjọ́ tó wọlé, ó lọ jókòó sí àyè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo kàn pe rẹ́jísítà.

"Nítorí náà, lẹ́tà yín ló mú un padà," Mopélọ́lá ní, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ lórí kọ̀ǹpútà.

"Dúró ná. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ara ẹ̀gbọ́n òun kò yá, àti pé òun náà ti ń rò ó láti mú un padà."

"Kí wá ni kí n kọ?"

"Kọ ọ́ pé mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ náà béèrè ọ̀rọ̀, mo sì dáhùn, bó tilẹ̀ pẹ́."

Láti ìgbà náà ni mo ti padà sí òfin Ìyáàfin Adéṣọlá, mo sì fi tèmi kún un. Bí mo bá ka àròkọ tán, n óò fi búlúù kọ ìlà kan sí ọmọ náà lórí ohun tó sọ, kí n tó fi pupa kan àṣìṣe kankan. Lẹ́yìn náà, ọmọ á mú un lọ sílé, á kà á sókè fún àgbàlagbà kan. Ẹni náà á bi í ní ìbéèrè kan, ọmọ á kọ ìbéèrè náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn rẹ̀, ẹni tó bi í á sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò mọ̀wé á tẹ̀ka. Ìka mìíràn máa ń ní epo, òmíràn gírísì. Mi ò kọ̀ ọ́ rí.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní wákàtí kan wá di iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tí mi ò lè kárí ju ìdajì kíláàsì lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé bínú. "Ìwé yín ò pọ́n mọ́, Ìyáàfin. Kí la máa fi han àwọn aláyẹ̀wò?" Mopélọ́lá ní kí n má fi èyí pamọ́: ní ọdún àkọ́kọ́, àmì ohùn àwọn ọmọ mi burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òótọ́ ni. Àmọ́ àròkọ wọn gùn sí i, àwọn tí wọ́n ń kọ ìlà mẹ́ta tẹ́lẹ̀ sì ń béèrè bébà kún bébà. Èèyàn kì í fẹ́ bá ògiri sọ̀rọ̀ títí.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Ṣọ́ọ̀kì tó ń jẹ wá lọ́fun lọ, pátákó funfun dé, a wá ń ja ìjà máàkà tó ń gbẹ. Ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò, tó máa ń fi yíǹkì ba aṣọ wa jẹ́, lọ, kọ̀ǹpútà dé. Ní ọdún mélòó kan tí mo lò kẹ́yìn, fóònù ni àwọn ọmọ fi ń ka ìwé ránṣẹ́ sí mi láti ilé. Mo ń gbọ́ ìkòkò, mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀, mo ń gbọ́ ìyá tó ń sọ pé "Sọ̀rọ̀ sókè, ṣé o ò jẹun ni?" Ọmọ kíláàsì kẹrin kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ kan, ohùn náà nípọn bíi ti ẹni tó ń fá irùngbọ̀n. Mo fèsì pé kí ó bá mi kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kàwé dáadáa. Fóònù dára. Ó ń mú ohùn ọmọ dé ọ̀dọ̀ mi, àmọ́ èmi náà ni n óò gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ń dágbére fún mi, Síkírátù wá pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ó ti di súpáfáísọ̀ ní ilé iṣẹ́ kan lọ́nà ibi tí ìyá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rí. Bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú ti yìn mí títí mo fi ń wá ẹni tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ní kí òun náà sọ̀rọ̀.

"Níbi iṣẹ́ wa," ó ní, "àwọn tó bá ń jáde á kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé ńlá kan. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí àwọn mìíràn tó wọlé. Ọ̀pọ̀ súpáfáísọ̀ ló máa ń fọwọ́ sí i lásán. Èmi..."

Tírélà dé. Fèrèsé ń gbọ̀n. Àwọn àlejò fẹ́ kó pariwo, wọ́n ń fọwọ́ júwe sí i. Ó dúró ṣinṣin, ó pa ẹnu rẹ̀ dé, títí tírélà fi lọ pátápátá.

"...máa ń kà á tán kí n tó fọwọ́ sí i," ó ní. Ó sì lọ jókòó.

Ìyá rẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹnì kan kọ ọ́ sínú ìwé yẹn nígbà kan pé ìdérí ẹ̀rọ kan ń mì, àwọn súpáfáísọ̀ méjì ti fọwọ́ sí i kọjá, Síkírátù ló kà á, tó sì ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà. Mopélọ́lá kò gbà kí n sọ pé ó gba ẹ̀mí là. Ó ní a ò mọ̀. Mo gbà. Ẹ̀rọ náà dúró, wọ́n tún un ṣe. Ó tó mi.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, mi ò ní tàn yín pé iṣẹ́ tíṣà rọrùn. Ilé-ìwé kan ní Èjìgbò ti ní kí Mopélọ́lá wá kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún wọn. Kò tíì dá wọn lóhùn, mi ò sì bi í.

Àná ló tẹ ìtàn yìí jáde, ó gbé e wá bá mi pẹ̀lú báírò.

"Màmá, ẹ fọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe sọ ọ́."

Mo gba bébà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó ṣì bá mi di báírò mú títí n óò fi kà á tán.